Ìjábọ̀ Ò Ṣí: Níbo Ló Ti Há?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ ká ṣe nígbà tí ètò ìjábọ̀ orí dátábéèsì bá dákú. Bí mo bá ní kí n máa mú gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀ tó wà láyé lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Ọ̀kan ṣoṣo ni màá mú: SQL Server Reporting Services ti Microsoft, tí àwa tí à ń lò ó ń pè ní SSRS. Láti ọdún 2004 ló ti wà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló sì gbójú lé e láìmọ orúkọ rẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́, iye ọjà tó kù ní sítọ̀, gbèsè tó wà lọ́rùn oníbàárà: ọ̀gá kàn mọ̀ pé òun máa ń rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni.

Ọjọ́ tí kò bá rí i ni yóò tó rántí pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń tọ́jú nǹkan náà. Fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: "Ríípọ́ọ̀tù ò ṣí o! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ẹ ò ní bá mi jiyàn lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. A ó pa sáfà, a ó tún un tàn. Bó bá dìde, a ó ní ó ti tán. Bí kò bá dìde, a ó tún un pa.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ tó pa ohunkóhun, ẹ wádìí ibi tí iṣẹ́ náà ti há. Ètò yìí kì í yadi. Bí nǹkan bá ń ṣe é, ó ń sọ ọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Pípa àti títàn kò ní pa fáìlì log, ìyẹn ìwé tí ètò ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rí mìíràn wà tí yóò bá a lọ: ìbéèrè tó ti ń sáré nínú dátábéèsì láti òru mọ́jú, ẹni tó ti tábìlì kan pa mọ́ àwọn yòókù, mẹ́mórì tó kún dẹ́nu. Gbogbo wọn á pòórá, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó fà á. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n á tún padà wá.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí ìjábọ̀ kan ń gbà. Oníṣirò owó ṣí bùráúsà, ó tẹ àdírẹ́sì. Ó dé ẹnu ọ̀nà sáfà, pọ́ọ̀tù 80 ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí 443 bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi sátífíkéètì sí i. SSRS bi í pé ta ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yíjú sí dátábéèsì tirẹ̀, tó ń jẹ́ ReportServer. Ibẹ̀ ni ìlànà bí ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí wà, ibẹ̀ náà ló ti ń wò ó bóyá ẹni yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Ó ní ìkejì, ReportServerTempDB, tó ń kó ohun tí kò ní pẹ́ sí. Ìgbà tó bá kúrò níbẹ̀ ló tó kọjá sí dátábéèsì ilé iṣẹ́, níbi tí owó àti ọjà wà gan-an. Ó kó dátà bọ̀, ó ṣírò rẹ̀, ó tò ó, ó wá yí i sí ojú ìwé tàbí PDF tàbí Excel.

Ẹ kíyè sí i pé dátábéèsì SSRS ọ̀tọ̀, ti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Mo ti rí ibi tí àwọn géńdé ọkùnrin ti lo gbogbo òwúrọ̀ lórí dátábéèsì ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń tú u tí wọ́n ń tò ó, nígbà tó jẹ́ pé ReportServer ni kò jí. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ojú ìwé náà ti sọ fún wọn. Bó bá jẹ́ dátábéèsì SSRS ni kò ṣe é dé, ohun tí ẹ máa rí ni rsReportServerDatabaseUnavailable, kò sì sí ìjábọ̀ kankan tó máa ṣí fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ni, rsErrorOpeningConnection ni, yóò sì dárúkọ orísun dátà tí kò rí ọ̀nà dé. Ojú ewé á ṣí, àkójọ ìjábọ̀ á hàn, àwọn tó ń lo orísun yẹn nìkan ni kò ní jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún mi lórí fóònù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló kọ síwájú yín?"

"Error ni ó ní."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kà á bó ṣe wà."

"Ó gùn o. Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ẹ má bínú mà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú r àti s. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ń gbà wá lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀. Bí fóònù bá ṣì wà létí yín, ẹ tún bi wọ́n bóyá ẹni tó jókòó tì wọ́n rí tirẹ̀ ṣí, bóyá ìjábọ̀ mìíràn ń ṣí, àti ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ẹnì kan péré tí kò rí i ṣí, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìwọlé ni lọ́pọ̀ ìgbà, rsAccessDenied á sì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀ka kan lódindi kò bá rí i ṣí, ṣùgbọ́n tó ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí sáfà, ọ̀nà ló bàjẹ́, sáfà kọ́. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já ní agbègbè Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí ló dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, títí kan iṣẹ́ báǹkì. Ẹni tó bá ń pa sáfà tó tún ń tàn án lọ́jọ́ yẹn, òkun ni ì bá lọ bá jà. Láti mọ̀ bóyá ọ̀nà là dé dátábéèsì, àṣẹ Test-NetConnection tó wà nínú PowerShell, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ sí Windows, á sọ fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan. Orúkọ sáfà dátábéèsì àti pọ́ọ̀tù 1433 lẹ máa fún un. Láti orí sáfà SSRS ni kí ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe láti orí láptọ́ọ̀pù yín.

Bí ọ̀nà bá là, ẹ lọ sí fódà SSRS tó ń jẹ́ LogFiles. Àwọn fáìlì ibẹ̀ gùn, wọ́n sì lè súni kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á rí àṣìṣe tó kẹ́yìn, wọ́n á dì í mú. Àṣìṣe tó kẹ́yìn kì í sábà jẹ́ okùnfà. Ẹ wá àkókò tí ẹni àkọ́kọ́ pariwo, kí ẹ máa ka òkè lọ títí ẹ ó fi rí àṣìṣe tó ṣáájú gbogbo wọn. Ẹ má sì fi dọ́la: bí wọn kò bá yí ìṣètò rẹ̀ padà, ọjọ́ 14 ni SSRS ń tọ́jú fáìlì wọ̀nyí mọ. Bí fáìlì SSRS kò bá sọ nǹkan kan, bóyá nítorí pé ètò náà kò tilẹ̀ dìde, Event Viewer, ibi tí Windows fúnra rẹ̀ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ló kàn.

Ọ̀rọ̀ pé kò dìde yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn oníná wa. Ìwé tí Microsoft kọ kò dárúkọ NEPA, ṣùgbọ́n àwa tí a wà níbí mọ̀ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń bí ìdajì àwọn àìsàn wọ̀nyí. Iná lọ ní ọ̀sán Sátidé. Jẹnẹrétọ̀ kò gbéra. Bátìrì UPS gbìyànjú, ó tẹ́. Iná dé lóru, gbogbo ẹ̀rọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń du dísìkì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Windows fún ètò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti jẹ́ ìpè. SSRS kì í yára dìde. Bí 30 náà bá pé tí kò tíì dáhùn, Windows á fi í sílẹ̀, á sì kọ àmì 7009 àti 7000 sínú Event Viewer. Èyí nìkan ni ìgbà tí mo gbà pé kí ẹ kàn tàn án, nítorí pé kò tàn rárá. Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ yí i sí Delayed Start (kó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde) nínú Services, ibi tí Windows to àwọn ètò sí, kí SQL Server tó ń gbé dátábéèsì ti jí kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún fara sin ju ìyẹn lọ ni ti SQL Server Agent, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Àwọn ìjábọ̀ tó ń lọ sínú ímeèlì ọ̀gá fúnra wọn ní aago 6 àárọ̀, Agent ló ń jí wọn. Tí àkókò bá tó, Agent á fi àmì sínú ReportServer, SSRS á rí i, á sì ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí èèyàn bá ń fi SQL Server sórí ẹ̀rọ, bí kò bá fọwọ́ kan ohunkóhun, Manual ni Agent máa ń wà. Ìyẹn ni pé tí ẹ̀rọ bá kú tó sì jí, Agent kò ní jí àfi bí ẹnì kan bá lọ jí i. Ẹ wá rò ó wò: lọ́jọ́ Ajé, ojú ewé ń ṣí, gbogbo ìjábọ̀ ń jáde bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, dátábéèsì wà láàyè. Ímeèlì nìkan ni kò dé. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú sáfà ímeèlì palẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá. Ẹ wo Agent, ẹ yí i sí Automatic, ẹ lọ jẹun.

Aago sáfà náà ń jẹ́ wa níyà. Bátìrì kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́ á ti kú, iná á lọ, aago á padà sẹ́yìn. Kerberos, tí Windows fi ń mọ ẹni tí a jẹ́, kì í gbà kí aago ẹ̀rọ méjì fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Àwọn èèyàn á máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ̀nà, a ó sì máa lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa èyí tó burú jù lójú tèmi: kọ́kọ́rọ́ ìpàrokò. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí SSRS fi ń wọ àwọn dátábéèsì ilé iṣẹ́, ó ń pa wọ́n lárokò kó tó fi wọ́n pamọ́ sínú ReportServer. Kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣe é so mọ́ àkántì tí ètò náà ń lò lórí Windows. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú ẹ̀ka ààbò á ní kí wọ́n yí àkántì yẹn padà. Ẹni tó rán níṣẹ́ á ṣí Services, á yí i síbẹ̀, á tún ètò tàn. Ó tàn! Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Oníṣirò owó tẹ ìjábọ̀, ó sì rí rsReportServerDisabled: sáfà kò lè tú àrokò tirẹ̀ mọ́.

Inú Report Server Configuration Manager ni wọ́n ti ń yí àkántì yẹn padà. Òun á ní kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, á sì ṣètò ẹ̀tọ́ tí àkántì tuntun nílò. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ láìgba ibẹ̀, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tí ẹ tọ́jú ni ẹ máa dá padà, òun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi tì í. Bí ẹ̀dà náà ò bá sí ńkọ́? Ó ku ọ̀nà kan: kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà lárokò rẹ́, kí ẹ wá jókòó ti orísun dátà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà padà sí i. Níbi tí orísun bá pọ̀, tí ẹni tó mọ àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà náà sì ti jáwé iṣẹ́ lọ sí Kánádà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni. Ohun tí ì bá gbà wọ́n kò ju ìlà kan lọ nínú ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ: rskeymgmt pẹ̀lú -e, orúkọ fáìlì, àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí fáìlì náà má ṣe wà lórí sáfà kan náà o.

Kí ẹ sì dán ẹ̀dà yẹn wò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn olùkọ̀wé ètò tọ́jú kóòdù wọn, ń gbìyànjú láti tún dátábéèsì wọn ṣe lóru, ó wá pa dátà rẹ́ lórí sáfà tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Ìgbà tí wọ́n yíjú sí backup (ẹ̀dà ìpamọ́) ni wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n gbójú lé ti ń kùnà látẹ̀yìnwá; ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ nǹkan bíi wákàtí 6 ló bá a lọ. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta fáyé kà, mo sì gbóríyìn fún wọn, torí pé níbí, àṣírí la ì bá fi ṣe.

Ìgbà mìíràn wà tí nǹkan kan kò kú, ó kàn ń fà bí ìgbín ni. Níbí ni ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ExecutionLog3, àkọsílẹ̀ ìjábọ̀ tó ti sáré, tó wà nínú dátábéèsì ReportServer. Gbogbo ìjábọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ṣí, orúkọ ẹni náà wà níbẹ̀, àkókò wà níbẹ̀, ọjọ́ 60 ló sì ń tọ́jú wọn bí ẹ ò bá yí i padà. Òpó mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: TimeDataRetrieval (àkókò kíkó dátà), TimeProcessing (àkókò ìṣírò) àti TimeRendering (àkókò yíyí i sí ojú ìwé). Bíi ilé oúnjẹ ni. Bí oúnjẹ bá pẹ́ kó tó dé orí tábìlì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń dáná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń bù ú, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń gbé e bọ̀. Bíbú agbáwo kò ní mú ọbẹ̀ yára jinná.

Ká ní ẹ rí ìlà kan tí òpó àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 184,000, tí ìkejì jẹ́ 900, tí ìkẹta jẹ́ 1,200. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn ni pé ó lo ìṣẹ́jú 3 ó lé díẹ̀ kí dátà tó dé, kò sì lo ju ìṣẹ́jú àáyá 2 àti díẹ̀ lórí gbogbo ìyókù. SSRS kò jẹ̀bi. Ẹ gba ọ̀dọ̀ dátábéèsì ilé iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ìjábọ̀ náà bá ń sá lọ́wọ́, ẹ wo sys.dm_exec_requests, àkójọ ìbéèrè tó ń sáré lọ́wọ́ nínú SQL Server, kí ẹ wá òpó blocking_session_id. Bí nọ́ńbà kan bá wà níbẹ̀, ẹni tó dí ìjábọ̀ yín lọ́nà nìyẹn. Ẹ lọ wo òun náà, bóyá ẹlòmíràn ló dí òun lọ́nà. Ẹ máa tọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi kan ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dí, tó jẹ́ pé òun ló dí gbogbo ayé. Níparí oṣù, ó sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan, tó ṣí i sílẹ̀ láìparí, tó wá lọ jẹ ọ̀sán. Nítorí èyí gan-an ni mo fi ní kí ẹ má tètè pa sáfà. Ẹ̀rí yìí kò sí nínú fáìlì kankan lọ́pọ̀ ìgbà. Àfi kí ẹ ká a mọ́bẹ̀.

Bó bá jẹ́ TimeRendering ló ga, ẹ bi ẹni tó ni ìjábọ̀ náà léèrè ohun tó fẹ́ fi dátà ọdún márùn-ún ṣe nínú Excel. Ojú ewé Excel kan kò gbà ju ìlà 1,048,576 lọ, síbẹ̀ àwọn kan á máa gbìyànjú. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè jẹ mẹ́mórì sáfà débi pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ẹlòmíràn padà pẹ̀lú àṣìṣe 503. Ẹ wá rí i pé ẹnì kan ló ṣẹ̀, àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni iṣẹ́ dá dúró fún.

Àwọn yòókù ò gba àlàyé púpọ̀. Dísìkì kún: dátábéèsì ReportServer máa ń wà ní Full recovery láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà sínú log tirẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe backup rẹ̀; bí ẹnikẹ́ni kò bá ń ṣe é, log náà á máa wú títí àṣìṣe 9002, pé log ti kún, á fi dé. Ọ̀rọ̀ aṣínà àkántì ètò lè kọjá àsìkò. Sátífíkéètì náà ń kọjá àsìkò. Ẹni tó bá fi Evaluation (ẹ̀dà ìdánwò) sílẹ̀ níbẹ̀ tó sì gbàgbé, ọjọ́ 180 ló ní, lẹ́yìn náà, kò sí àdúrà tó máa jí i àfi kọ́kọ́rọ́ ìwé àṣẹ.

Níparí ọ̀rọ̀, arábìnrin kan nídìí fèrèsé béèrè bóyá ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má pa sáfà rárá, nígbà tí ọ̀gá dúró lórí ẹni, tí owó oṣù kò sì tíì jáde. Mo ní rárá o. Bí ìyà bá ti pọ̀ jù, ẹ pa á, ṣùgbọ́n kí ẹ ti ya àwòrán ojú ìwé tó ní àṣìṣe, kí ẹ ti da èsì sys.dm_exec_requests kọ sínú fáìlì kan, kí ẹ sì ti ṣe ẹ̀dà fódà LogFiles. Kò tó ìṣẹ́jú 5. Ọ̀gá lè dúró fún ìyẹn.

Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé Microsoft ti pa SSRS tì, kí wá ni àǹfààní kíkọ́ ọ. Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀dà tuntun fún un pẹ̀lú SQL Server 2025. Power BI Report Server ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣèlérí àtìlẹyìn fún SSRS 2022 títí di ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2033, àwọn ọ́fíìsì wa kì í sì í yára kó kúrò lórí ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì kó lọ lónìí, àwọn fáìlì RDL rẹ̀, tó ní ìlànà ìjábọ̀ nínú, á ṣí níbẹ̀, á tún bá dátábéèsì méjèèjì níbẹ̀, á bá ExecutionLog3. Kọ́kọ́rọ́ ìpàrokò náà wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.